Ọmú Ta Ni Wọ́n Wọ̀n?

Bí obìnrin bá ṣe mammogram tán, nọ́ńbà kan á jáde lójú kọ̀ǹpútà: 1.43, tàbí 2.10, tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Milligray ni wọ́n fi ń kà á. Wọ́n ní òun ni iye ìtànṣán tí ọmú rẹ̀ gbà. Nọ́ńbà náà á wọ inú fáìlì rẹ̀, á sì jókòó síbẹ̀. Mo fi ẹ̀sùn kan gbogbo àwọn tó gbé nọ́ńbà yẹn kalẹ̀ bí òtítọ́ pọ́nńbélé: ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn tó rà á, àti àwa onímọ̀ ìtànṣán tí a mọ̀ tí a sì dákẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ mi gbọ́ òdì o. Mammogram ń gba ẹ̀mí là. Ìtànṣán inú rẹ̀ kéré, jẹjẹrẹ tó ń wá kiri sì ń pani. Obìnrin tí dókítà bá ní kó lọ ṣe é, kó lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé a sọ fún un pé a wọ̀n ọ́n, nígbà tí a kò wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀sùn kìíní nìyẹn: wọ́n pe ìṣirò ní ìwọ̀n. Inú ẹran tí ń ṣe omi ọyàn ni jẹjẹrẹ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìtànṣán tó dé ibẹ̀ gan-an la fẹ́ mọ̀. Ta ló lè ki mítà bọ inú ọmú alààyè? Ohun tí à ń ṣe ni pé a ń wọn ìtànṣán nínú afẹ́fẹ́, níbi tí awọ ọmú yóò wà, a ó wá fi àwọn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ti ṣírò sílẹ̀ sọ ọ́ di iye tó dé inú. David Dance ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé irú rẹ̀ kan jáde ní 1990. Amẹ́ríkà lo ti Wu, lẹ́yìn náà ti Boone. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kan bá ń lo ti Dance, tí òmíràn ń lo ti Boone, obìnrin kan náà lè gba nọ́ńbà méjì fún ìtànṣán kan náà, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un.

Ẹ̀sùn kejì ló wúwo jù lọ́kàn mi. Ọmú tí wọ́n fi ṣe ìṣirò náà kì í ṣe ọmú ẹnikẹ́ni. Amẹ́ríkà ṣe MQSA, òfin lórí dídára mammogram, ní 1992, ìlànà rẹ̀ sì ní àwòrán kan kò gbọdọ̀ kọjá 3 milligray. Lára ọmú wo? Ọmú ike, tó dúró fún èyí tí a tẹ̀ títí ó fi nípọn ní sẹ̀ńtímítà 4.2, ìdajì rẹ̀ ọ̀rá, ìdajì ẹran omi ọyàn, tí méjèèjì pò pọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò ní kókó. Ní 2009, Martin Yaffe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọmú àwọn obìnrin gidi. Ẹran omi ọyàn kò sún mọ́ ìdajì rárá lára ọ̀pọ̀ wọn. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni ní ìpíndọ́gba. Télọ̀ tó bá fi ìwọ̀n ẹlòmíràn gé aṣọ oníbàárà, ẹjọ́ ni yóò fi jẹ.

Kò tán síbẹ̀. Ẹran yẹn kì í pò mọ́ ọ̀rá dọ́gba-dọ́gba. Àárín ló sábà máa ń ṣù jọ sí, ọ̀rá á yí i ká. Ìtànṣán mammogram kò sì lágbára púpọ̀: òkè ọmú ń gba tirẹ̀ yó, èyí tó dé ìsàlẹ̀ kò tó nǹkan. Ibi tí ẹran wà ló ń sọ iye tó gbà. Ioannis Sechopoulos àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn ní 2012 pé ìṣirò ẹlẹ́kọ yìí ń bu iye náà pọ̀ jù, ní nǹkan bí ìpín 30 nínú 100 ní ìpíndọ́gba. Awọ ńkọ́? Mílímítà 4 tàbí 5 ni ìṣirò àtijọ́ fún èyí tó bo ẹran náà. Awọ ọmú gidi kò tó mílímítà 2. Àwọn kan ní kò burú, àṣìṣe kan ń fà á sókè, òmíràn ń fà á sísàlẹ̀, yóò dọ́gba. Èmi ò gbà. Obìnrin tó ń ṣe mammogram fún ogún ọdún, ṣé oríire la ó máa fi wọ̀n fún un?

Ẹ̀sùn kẹta, mítà. Mo dúró nínú yàrá kan lọ́jọ́ tí wọ́n ń yẹ ẹ̀rọ wò. Mítà náà kò ju páálí ìṣáná lọ. Ẹni tó gbé e sórí tábìlì kò mú rúlà. Bẹ́ẹ̀, Yúróòpù ní kó jìnnà ní sẹ̀ńtímítà 6 sí etí tí àyà obìnrin máa ń kàn, Amẹ́ríkà ní 4, nítorí ìtòsí àyà ni ìtànṣán ti le jù; bí o bá sún mítà díẹ̀, nọ́ńbà yí padà. Wọ́n ti tẹ molybdenum fún mítà gẹ́gẹ́ bí irú ìtànṣán tó fẹ́ kà, ṣùgbọ́n ti tungsten pẹ̀lú rhodium ni ẹ̀rọ tó wà níwájú wa. Mo yí ìdí mítà sókè. Sítíkà ìyẹ̀wò rẹ̀ ti ń ṣí létí, déètì orí rẹ̀ ti kọjá láti ọdún mẹ́ta. Wọ́n kọ ohun tó jáde sílẹ̀, wọ́n buwọ́ lù ú, ó parí. Bí ìyá kan bá tẹ ìdí kọ́ńgò rẹ̀ wọnú ní ọjà Bódìjà, ṣé wọ́n á jẹ́ kó tà dalẹ́?

Ẹ̀sùn kẹrin kò gùn. Wọ́n kọ dígíìtì méjì sẹ́yìn póìntì, wọn kò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa bí nọ́ńbà náà ṣe lè ṣìnà tó.

Àwáwí kò sí mọ́. Ní 2024, ẹgbẹ́ onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù jọ gbé ìlànà tuntun jáde, TG-282, tí wọ́n fi ọmú obìnrin gidi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ilé òṣùwọ̀n ìtànṣán wà nílé wa níbí pẹ̀lú, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, lábẹ́ NNRA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn tó ń gba owó mammogram lọ́wọ́ aráàlú gbọ́dọ̀ lè fi ìwé ìyẹ̀wò mítà rẹ̀ hàn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí, ẹ má fà sẹ́yìn, ẹ lọ ṣe é. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n yẹ mítà wọn wò gbẹ̀yìn, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.