Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Ogun Lórí Tábìlì Oúnjẹ

Ní oṣù kẹfà tí ó kọjá, Ọlọ́run mú wa dé Lọ́ńdọ̀nù ní àlàáfíà láti bẹ àbúrò wa wò, a sì lo oṣù náà gbáko nínú ilé rẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí a rò pé ó yẹ kí a mú wá sí iwájú yín, nítorí pé ó kan gbogbo ilé tí ọmọ gbé ń dàgbà.

Àbúrò wa yìí ní ọmọkùnrin kan, ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti bá ara wọn pinnu pé ní alẹ́ Sátidé mẹ́rin nínú oṣù náà, ayò ogun Waterloo nìkan ni àwọn yóò máa ta, nítorí pé nínú oṣù kẹfà ni a ja ogun náà ní ọdún 1815, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí. Nígbà tí a rí i tí ó ń to ogun sórí tábìlì tí a ti ń jẹun, inú wa bàjẹ́. Ẹni tí ó bí bàbá wa lọ sí ogun Bọ́mà, ó sì padà wálé ní 1946. Títí ó fi re ibi àgbà ń rè, kò jẹ́ kí ọmọ kankan fi igi ṣe ìbọn nínú àgbàlá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí kò rí ogun rí ni í fi ogun ṣeré. Nítorí náà ni a ṣe sọ fún àbúrò wa pé kí ó kó ẹrù náà dànù. Ó dá wa lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó tì í ná, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́." Ọ̀rọ̀ àgbà ni, bí ó tilẹ̀ ti ẹnu àbúrò jáde. A sì jókòó.

Ayò náà rí báyìí. Ilé iṣẹ́ SPI ní Amẹ́ríkà ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1976, orúkọ rẹ̀ sì ni Napoleon's Last Battles. Àwòrán ilẹ̀ ni a tẹ́ sórí tábìlì bí ẹní, tí a sì fi ìlà pín ojú rẹ̀ bí afárá oyin. Páálí pélébé pélébé ni àwọn ọmọ ayò; nọ́ńbà tí a kọ sí ara wọn ni ó ń sọ agbára wọn àti bí wọ́n ti lè rìn jìnnà tó. Bí ọ̀tá bá kan ọ̀tá, a ó fi agbára wé agbára, a ó ju dáìsì, ìwé ìlànà yóò sì sọ ẹni tí yóò sá àti ẹni tí a ó mú kúrò. Ìjà mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún Sátidé kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ náà sọ fún wa pé irú ayò yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1824, ọ̀dọ́ ọ̀gá ogun kan ní ilẹ̀ Prussia, von Reisswitz, tẹ ìlànà irú rẹ̀ jáde, èyí tí bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Müffling, olórí àwọn ọ̀gá ogun ilẹ̀ náà, wò ó, ó sì ní kí àwọn ọmọ ogun máa fi kọ́ ẹ̀kọ́. Müffling yìí kan náà ni ó jẹ́ ikọ̀ àwọn ará Prussia lọ́dọ̀ Wellington ní Waterloo. Nígbà tí a gbọ́ èyí, a rí i pé ẹni tí ó ti fojú rí ogun pẹ̀lú lè jókòó ti ayò ogun, bí ó bá ṣe ẹ̀kọ́ ni ó ń wá.

Sátidé kìíní, Quatre Bras ni wọ́n ta. Ti èkejì, Ligny. Ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ni a ja méjèèjì. Ní Ligny, Napoleon ṣẹ́gun Blücher, ọ̀gá ogun Prussia tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ẹṣin rẹ̀ wó lù ú lójú ìjà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ti d'Erlon, ẹni tí ó kó nǹkan bí 20,000 ọmọ ogun Faransé, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín pápá méjèèjì nítorí pé àṣẹ ń tako àṣẹ, tí kò sì wúlò fún ọ̀kankan. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ akọ̀wé bí tiwa mọ ohun tí ìwé àṣẹ méjì tí kò bára mu lè fà.

Ní Sátidé kẹta, ó kan Wavre. Grouchy ni Napoleon fún ní nǹkan bí 33,000 ènìyàn kí ó máa lépa àwọn ará Prussia. Ní ọjọ́ 18, ó gbọ́ ìró ìbọn ńlá Waterloo láti òkèèrè. Gérard tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ rọ̀ ọ́ pé kí wọ́n yà síbẹ̀, ó kọ̀, ó di àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú. Ó borí àwọn tí ó bá ní Wavre, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ará Prussia ti lọ gba Wellington sílẹ̀. Ọmọ náà ní, "Bàbá, òmùgọ̀ ni Grouchy." A dá a lóhùn pé, "Ìwọ ń wo ilẹ̀ láti òkè bí àṣá. Òun wà nísàlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ohun tí igba ọdún ó lé ti sọ fún ọ, kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un." Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Sátidé kẹrin ni ti Waterloo gan-an. Òjò rọ̀ ní òru tí ó ṣáájú ìjà náà, Napoleon sì dúró títí ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n kí ilẹ̀ lè gbẹ díẹ̀. Ìdúró náà ni ó fún àwọn ará Prussia láyè láti dé bá a. Ọmọ wa, ẹni tí ó mú Napoleon, kò dúró. Ó yára kọlu àárín ogun Wellington, dáìsì gbè é, ó sì borí. Ó fò sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbá àwọn ọmọ ayò tí a ti mú kúrò sínú ìdérí páálí.

A rọra bi í pé, "Ènìyàn mélòó ni ó wà nínú ìdérí yẹn?"

Ó wo nọ́ńbà ara wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. A sọ fún un pé ní ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo yẹn, àwọn tí ó kú àti àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lé ní 40,000, lórí ilẹ̀ tí ènìyàn lè rìn já ní nǹkan bí wákàtí kan. A tún ní kí ó rántí pé Sátidé ni òru òjò náà pẹ̀lú. Bí àwa ti jókòó lábẹ́ òrùlé tí a ń jẹ dòdò, inú ẹrẹ̀ ni àwọn wọ̀nyẹn sùn.

Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé bàbá ńlá wa pa ènìyàn ní Bọ́mà?"

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè náà gún wa lọ́kàn. A kò mọ̀, nítorí pé a kò bi í rí. A rò pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni àlàáfíà rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni a sọ fún ọmọ náà: pé bí òjò bá ń rọ̀ lóru, bàbá kì í sùn, ẹnu ọ̀nà ni í jókòó sí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọmọ náà to àwọn ọmọ ayò padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tún gbá wọn mọ́.

Ìmọ̀ràn tiwa nìyí. Ẹ má ṣe sáré kó ayò ọmọ yín dànù, ẹ má sì ṣe fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Bí ó bá borí, ẹ jẹ́ kí ó ka iye tí ó ná an. Bí àgbà tí ó rí ogun bá sì wà nínú ilé yín, ìbáà ṣe ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970, ẹ bi í léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì wà. Ọ̀rọ̀ bàbá wa àgbà kò yẹ̀. Ẹni tí kò rí ogun ni í fi ogun ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó rí i kò bá sọ, níbo ni ọmọ yóò ti mọ̀?

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.