Ìjókòó Aṣòfin Kì í Ṣe Oyè Ọba

Oyè ọba ni Yorùbá ń jẹ dọjọ́ ikú. Ìjókòó aṣòfin kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 tí ó ní kí gómìnà má ṣe ju sáà méjì lọ kò pààlà kankan fún aṣòfin. Mudashiru Ọbasa wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó láti Agége ní 2007. Ìbò márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti wọlé, ó sì di olórí ilé ní 2015. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́, wọ́n fi Mojisọla Meranda, obìnrin àkọ́kọ́, sórí àga náà. Kò pé oṣù méjì tí Ọbasa fi padà síbẹ̀.

Àwọn kan ní ìrírí ni ó ṣe kókó. Ó dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye ọdún tí atukọ̀ Makun-Omi lò lórí omi ni a fi ń mọ̀ ọ́n ní ọ̀gá, bí kò ṣe iye èrò tí ó gúnlẹ̀ láyọ̀ àti iye ọmọ tí ó kọ́ ní ìtukọ̀. Ta ni àwọn arúgbó ilé aṣòfin wa ń kọ́?

Ẹ má retí pé àwọn fúnra wọn ni yóò pààlà náà. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọwọ́ àwa olùdìbò ni ó kù sí.