Kámẹ́rà dúdú tàbí chrome? Ní Gulfton, chrome ni tèmi

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí kámẹ́rà onífíìmù máa ń bi mí níbí ní Gulfton, lápá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Houston: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé dúdú ni kí n rà ni àbí chrome?" Kámẹ́rà kan náà ni o, ẹ̀rọ inú rẹ̀ kan náà, lẹ́ǹsì kan náà. Àwọ̀ ara rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, síbẹ̀ dúdú ló sábà máa ń wọ́n jù. Èrò tèmi rèé: tó bá jẹ́ àdúgbò wa yìí lẹ fẹ́ máa yà, ẹ ra chrome, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra fíìmù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ. Chrome kì í ṣe funfun, kì í ṣe dúdú, kì í ṣe pupa. Lédè wa, ẹ lè pè é ní aláwọ̀ fàdákà, tàbí kẹ́ ẹ kàn sọ pé ó ń dán. Dúdú náà lè dán. Ṣé ẹ mọ bá a ṣe ń ki ọmọ tó dúdú, tí ara rẹ̀ ń dán? "Adúmáadán" là ń pè é. Leica àtijọ́ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dúdú, adúmáadán gidi ni. Mi ò ní purọ́, ó rẹwà.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é ló yẹ ká wò. Idẹ ni wọ́n fi ṣe ìdérí òkè ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́, bíi Leica M3 tó jáde ní 1954. Tó bá jẹ́ chrome, wọ́n á ri idẹ náà sínú omi kẹ́míkà, wọ́n á wá fi iná mànàmáná lẹ chrome fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn lára. Ó le gan-an, kì í tètè há. Tó bá jẹ́ dúdú, ọ̀dà ni wọ́n kùn lé e. Ibi tí ìka ń kàn lójoojúmọ́ á máa ṣí díẹ̀díẹ̀, títí idẹ abẹ́ rẹ̀ á fi yọjú. Ní 1971, Leica lo chrome tó dúdú fúnra rẹ̀ lára M5, kí dúdú náà lè le. Ẹ sì ṣọ́ra: kì í ṣe gbogbo ohun tó rí bí irin ni irin. Ike ni ìdérí òkè Canon AE-1 ti 1976, bó tiẹ̀ ń dán bíi chrome.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ooru, torí Gulfton là ń gbé. Ní oṣù kẹjọ 2020, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni so ẹ̀rọ tó ń wọn ooru mọ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n sì wà á kiri Houston. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ooru Gulfton lé ní 103 Fahrenheit, nígbà tí ti Channelview tó wà lápá ìlà-oòrùn kò ju nǹkan bí 86 lọ. Títì ọlọ́dà àti ibi ìgbọ́kọ̀sí pọ̀ níbí, igi ò pọ̀. Ohun dúdú ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn sára ju ohun tó ń dán lọ, ìyẹn ló fi ń gbóná jù. Chrome kì í ṣe yìnyín o. Tẹ́ ẹ bá fi èyíkéyìí sílẹ̀ sínú mọ́tò, ooru á ba fíìmù yín jẹ́. Ọ̀rinrin tó ń mú kí nǹkan hu nínú lẹ́ǹsì náà ò wo àwọ̀ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó lọ sójú sánmà ti bá ọ̀rọ̀ yìí fínra. Ní 1962, Wally Schirra ra Hasselblad kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Houston wa yìí. Wọ́n kùn ún ní dúdú kí dídán rẹ̀ má baà hàn nínú gíláàsì fèrèsé. Nígbà tó di 1969, tí Apollo 11 balẹ̀ sórí òṣùpá, Hasselblad aláwọ̀ fàdákà ni wọ́n gbé jáde sínú oòrùn, nítorí ooru. Dúdú ló wà nínú ọkọ̀. Ṣé ẹ rí i? Wọn ò béèrè èwo ló wuyì jù. Iṣẹ́ tí kámẹ́rà fẹ́ ṣe ni wọ́n wò.

Iṣẹ́ wo wá ni kámẹ́rà fẹ́ ṣe ní Gulfton? Ohun tó ká mi lára jù nìyí. Ọ̀pọ̀ oníròyìn fẹ́ràn dúdú torí kì í tètè hàn sójú ẹni tí wọ́n ń yà. Ìyẹn dáa lójú ogun. Àmọ́ àwọn aládùúgbò wa níbí wá láti Mexico, El Salvador, Guatemala, Afghanistan àti ilé tiwa. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì yanjú kò fẹ́ kí àlejò kankan yọ́ ya òun, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Tí mo bá gbé chrome kọ́rùn ní Burnett Bayland Park, àwọn òbí ti rí i látòkèèrè. Ẹni tó bá wù á súnmọ́ mi, ẹni tí kò bá fẹ́ á mi orí, èmi náà á sì dé lẹ́ǹsì mi. Dídán yẹn ń kéde mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò rí nílé láyé àwọn bàbá wa. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò á wọ aṣọ tó dáa, á jókòó, á gbé ọwọ́ lé orúnkún, á kọjú sí kámẹ́rà. Ó mọ̀ pé wọ́n ń ya òun, òun ló sì pinnu bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n rí òun. Mo fẹ́ kí àṣà yẹn bá wa dé Gulfton.

Àwọn kan á ní ọwọ́ àti ìwà ayàwòrán ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe àwọ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tó ní ìwà lè fi dúdú gbàṣẹ, jàǹdùkú sì lè fi chrome ya èèyàn láìgbàṣẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé chrome kì í jẹ́ kó rọrùn láti fara pamọ́, ìyẹn sì dáa fún ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé kámẹ́rà dúdú bàbá yín ló wà nílé, ẹ lò ó, ẹ má kùn ún. Idẹ tó yọ níbẹ̀ yẹn, ìka bàbá yín ló ṣí i.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, gbólóhùn tó yẹ kẹ́ ẹ há sórí nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yà yín?"