Ẹ̀bẹ̀ Lórí Aláìsàn Tí Kò Lè Sọ Tẹnu Rẹ̀

Sí Ọlọ́lá jù lọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Rivers, àti ẹ̀yin Ọlọ́lá, ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, Port Harcourt.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Ọmọ Yorùbá ni mí, Diobu ni mo ti ń ṣòwò, ibẹ̀ ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Ọ̀rọ̀ ẹni tí àìsàn gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo gbé wá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé àbúrò mi ọkùnrin ṣánlẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kan, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀lé ọwọ́ tí a ń jù sí i. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi òwú tí ó rẹ sómi nu ètè rẹ̀, a sì máa fi òrí ra á lẹ́sẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tí dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ kò ní padà bọ̀ sípò, ìyàwó ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní àwọn kò ní yọ̀ǹda ọmọ ìyá àwọn fún ikú. Dókítà kò mọ ti ẹni tí òun yóò gbọ́. Ibi tí a ti ń fà á ni owó ti tán. A tọwọ́ bọ̀wé, a gbé e relé. Ilẹ̀ kò mọ́ bá a. Òfin dákẹ́, owó ló dájọ́.

Ní 2001, nínú ẹjọ́ Dókítà Okonkwo, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nílẹ̀ wa ní àgbàlagbà tí làákàyè rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú tí kò bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu. Ní 2019, nínú ẹjọ́ Esabunor àti Faweya, wọ́n ní ìgbàgbọ́ òbí kò gbọdọ̀ du ọmọ ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò gbà á là. Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". Àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ ti pa dé ńkọ́? Ohun tó ń ba dókítà lẹ́rù ni abala 311 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn: ẹni tó bá ṣe ohun kan, tàbí tó kọ̀ tí kò ṣe é, tí ikú aláìsàn fi yá, òfin kà á sí ẹni tó pa á.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjàǹbá pápá ìṣeré Hillsborough ní 1989 sọ Tony Bland di ẹni tí kò mọ ohunkóhun mọ́. Ní 1993, àwọn adájọ́ gbà kí dókítà dá oúnjẹ tí wọ́n ń fi rọ́bà fún un dúró. Ní 2018, wọ́n ní bí ẹbí àti dókítà bá fohùn ṣọ̀kan, tí wọ́n sì tẹ̀lé òfin, kò pọn dandan kí wọ́n dé kóòtù.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín:

1. Ẹ ṣòfin tí yóò to àwọn tó lè dúró fún aláìsàn tẹ̀léra, tí yóò sì bọ̀wọ̀ fún ohun tí òun fúnra rẹ̀ bá ti kọ sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le.
2. Bí ẹbí kò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ yan adájọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà kíákíá.
3. Ẹ dáàbò bo dókítà tó bá tẹ̀lé òfin.
4. Ẹ má jẹ́ kí àìsí owó yọ ẹ̀rọ lára ẹnikẹ́ni. Ẹ dá àpò owó sílẹ̀ fún ọjọ́ tí a ń retí ìdájọ́.

Títí dòní, ìyàwó àbúrò mi kì í kí ẹ̀gbọ́n wa. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ràn àbúrò mi. Ẹ gba ẹbí mìíràn lọ́wọ́ irú ìjà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣòwò kan ní Diobu.