Fọ́tò Màmá Tẹ́nikẹ́ni Ò Rí

Ẹ gbọ́ ohun tójú wa rí nígbà tá a fẹ́ sin màmá wa. Àbúrò mi tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ní òun máa fi ímeèlì pe ẹbí àtọ̀rẹ́. Ó kọ kóòdù, lẹ́tà sì lọ. Fọ́tò màmá la fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí, ara ẹ̀ la kọ ọjọ́ àti ibi ìnáwó sí. Àfi báwọn èèyàn ṣe ń pè mí: "Ọjọ́ wo gan-an lẹ fẹ́ sin màmá?" Fọ́tò ti lọ há sísàlẹ̀ lẹ́tà bí ẹrù tí wọ́n dì, kò sẹ́ni tó tú u.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló dá a sílẹ̀. Láti ọdún 1997 ni ìlànà RFC 2183 ti ṣàlàyé Content-Disposition. Tẹ́ ẹ bá kọ inline sí i, inú lẹ́tà ni fọ́tò máa hàn sí. Tẹ́ ẹ bá kọ attachment, ó dẹrù, àfi kẹ́ni tó gbà á ṣí i fúnra ẹ̀. Filename lorúkọ tẹ́rù náà máa jẹ́. Attachment làbúrò mi kọ! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí fọ́tò wà láàárín ọ̀rọ̀, ẹ fún un ní Content-ID, kẹ́ ẹ fi cid pè é nínú HTML.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ ẹlòmíì kì í gbọ́ràn. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ ìnáwó sínú lẹ́tà gan-an, ẹ má fi ti fọ́tò nìkan ṣe.

Àwọn àgbà ní tí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ òwe yẹn o. Bẹ́ ẹ bá ṣe rán an ló máa jẹ́ ẹ.