Owó òòjọ́ dùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ àìlera ńkọ́?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń sọ pé iṣẹ́ tí yóò gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn kọ́ ni àwọn ń wá. Iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n lè ráyè lọ sí ilé ìwé, tàbí kí wọ́n máa bójú tó òwò mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí owó ibẹ̀ jọjú, kí ìtọ́jú ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì sì wà níbẹ̀. Àwọn kan ní ojúkòkòrò ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi tí iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ pọ̀ sí bí yanrìn, kí a yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni Suame Magazine, ní ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Gánà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn ṣì yín lọ́nà. Kì í ṣe ìwé ìròyìn ni magazine ibí yìí, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ni. Ẹni tó bá mọ ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin, tó tún mọ ọgbà àwọn mẹkáníìkì, kí ó pa méjèèjì pọ̀, kí ó sọ wọ́n di odidi ìlú kan. Bí Suame ṣe rí nìyẹn.

Ọkọ̀ kan kì í wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì lè má mọ nǹkan kan nípa iná ọkọ̀. Rewáyà ni yóò ránṣẹ́ pè. Jórinjórin wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń kun ọ̀dà wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń rán àga wà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin inú ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀. Ọ̀gá kan kò lè gba gbogbo wọn síṣẹ́ títí ọdún yóò fi yípo. Bí iṣẹ́ bá dé ni yóò pè wọ́n. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ fi pọ̀.

Àmọ́ irú méjì ni. Ẹni tí kò ní ju agbára lọ, tó ń bá wọn gbé ẹ́ńjìnnì, iye tí wọ́n bá fún un ni yóò gbà, nítorí àìmọye irú rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, ọ̀gá márùn-ún lè máa wá a lọ́jọ́ kan, òun ni yóò sì dá iye lé iṣẹ́ ara rẹ̀. Ó níye ìdí tí yunifásítì tí à ń pè ní KNUST lónìí fi ṣí ibùdó kan sí Suame lọ́dún 1980, láti kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ní lílo ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ irin. Ohun tí ọwọ́ mọ̀ ló ń mówó gidi wá, kì í ṣe iye wákàtí.

Ìtọ́jú ńkọ́? Òfin iṣẹ́ tí Gánà ṣe lọ́dún 2003 kò gbàgbé àwọn òṣìṣẹ́ olówó òòjọ́. Ó ní bí iṣẹ́ bá dọ́gba, kí owó dọ́gba. Kí wọ́n sì jẹ nínú ètò ìwòsàn tí agbanisíṣẹ́ bá ṣe fún àwọn yòókù. Ó tún ní òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tó bá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ ẹnì kan láìdáwọ́ dúró, kí wọ́n kà á sí òṣìṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àtíbàbà tí kò ti sí ìwé kankan, ta ni yóò jẹ́rìí oṣù mẹ́fà? Kí òṣìṣẹ́ ní ìwé kékeré tí yóò máa kọ ọjọ́ iṣẹ́ àti iye tó gbà sí, kí ọ̀gá máa fọwọ́ sí i. Kí ó sì béèrè ọ̀rọ̀ ìtọ́jú kí ó tó gbé sípánà lọ́jọ́ kìíní. Ẹni tó dúró di ìgbà tí irin gé e lọ́wọ́, àánú ló ń tọrọ, kì í ṣe ẹ̀tọ́.

Bí ọ̀gá kò bá lágbára, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òfin ìfẹ̀yìntì Gánà ti ọdún 2008 gba ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ láàyè láti máa san owó tirẹ̀ fún àjọ SSNIT. Oṣù 180 ni yóò san kí ó tó lè máa gba owó oṣooṣù lọ́jọ́ ogbó, kò sì pọndandan kí àwọn oṣù náà tẹ̀ léra. Ẹ ò rí i pé ó bá oníṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ mu! Susu tiwọn, èsúsú tiwa, ó dára fún owó ilé ìwé àti irin iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti yí kan ènìyàn, ó tán. Kò lè bọ́ arúgbó. Nílé níbí, ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ṣí ètò ìfẹ̀yìntì fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò.

Bóyá ẹnì kan ń sọ pé àsọjù ni. Kí ó béèrè ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbòho. Lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà. Àwọn ènìyàn wa tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ níbẹ̀ di ẹrù sórí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Lápá méjèèjì, owó ń wọlé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò sí lórúkọ ẹni kò bá ẹnikẹ́ni dé ibodè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́, ẹ má ṣe béèrè iye owó ọjọ́ kan nìkan. Ẹ tún béèrè pé, “Bí mo bá ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò gbé mi lọ sí ọsibítù, kí ni yóò sì wà lórúkọ mi?” Iṣẹ́ tí kò ní ìdáhùn sí èyí, owó rẹ̀ kò tó bí wọ́n ṣe ń pè é. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.