Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó San Owó Èéfín Ọkọ̀ Òfuurufú

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí. Ìyá oníṣòwò kan ní ọjà wa ní Ìpájà ni wọ́n bi mí, àwọn tí wọ́n máa ń fò lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà lọ ra aṣọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ san owó ọkọ̀, wọ́n rí i tí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n fi owó díẹ̀ lé e, pé a ó fi gbin igi tí yóò fa èéfín ìrìn-àjò wọn mu. Wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé òótọ́ ni èyí, àbí gbájú-ẹ̀?"

Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni, nítorí owó ènìyàn wà nínú rẹ̀, ayé tí àwọn ọmọ wa yóò gbé sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ gbèsè náà bí ó ti rí. Bí kílò 1 epo ọkọ̀ òfuurufú bá jó, èéfín kábọ́ọ̀nù tí ó ń ti inú rẹ̀ jáde ju kílò 3 lọ, nítorí pé ohun tí ó wà nínú epo náà máa ń so pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá ti Ìkẹjà fò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì padà, ìpín tirẹ̀ nínú èéfín yìí lè tó tọ́ọ̀nù 1. Èéfín náà kò ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n ó ń bo ayé mọ́lẹ̀ bí kúbùsù tí kò jẹ́ kí ooru jáde, apá kan rẹ̀ yóò sì wà lókè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Owó tí wọ́n ní kí ìyá yìí san ni àwọn òyìnbó ń pè ní carbon offset. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: èmi kò lè ṣe kí n má fò, nítorí náà mo sanwó fún ẹlòmíràn níbòmíràn kí ó dín èéfín tirẹ̀ kù ní ìwọ̀n èyí tí mo dá sílẹ̀. Èrò náà kò burú. Ibi tí ewu wà ni pé ọjà tí a kò fojú rí ni a ń rà. Àwa ará Alimosho sì mọ ohun tí ń jẹ́ kí a ra ohun tí a kò wádìí. Ṣebí nítorí àwọn tí ń ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ẹni mẹ́ta ni a ṣe ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà? Bí a ti ń wádìí ilẹ̀ ni kí á máa wádìí èéfín. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo ní kí ẹ máa bèèrè.

Èkíní: ṣé ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe kì bá ti ṣẹlẹ̀ láìsí owó mi? Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1979 sọ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ epo kankan kò gbọdọ̀ dáná sun gáàsì tí ó bá epo rọ̀bì jáde, àfi bí Mínísítà bá fún un ní ìyọ̀ǹda. Síbẹ̀, ní 2006, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí iṣẹ́ kan ní Kwale, ní Ìpínlẹ̀ Delta, níbi tí a ti ń lo gáàsì dípò kí á sun ún, kí á lè ta èéfín tí a dá dúró níbẹ̀ fún ará òkè òkun. Iṣẹ́ náà wúlò, ṣùgbọ́n àwọn kan béèrè pé: ṣé ó yẹ kí á sanwó fún ẹni tí ó dẹ́kun ohun tí òfin ti kọ̀? Èmi kì í fún ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀bùn nítorí pé kò pẹ́ lẹ́yìn mọ́.

Èkejì: ta ni ó wọ̀n ọ́n, báwo ni ó sì ṣe wọ̀n ọ́n? Ní Kariba, ní Zimbabwe, wọ́n ta èéfín igbó tí wọ́n ní àwọn gbà lọ́wọ́ agégi. Nígbà tí ó yá, ó hàn pé wọ́n ti sọ ìparun tí ìbá dé bá igbó náà ju bí ó ti yẹ lọ, ilé-iṣẹ́ South Pole tí ń bá wọn tà á sì yọwọ́ ní 2023. Ti àdògán tí kì í jẹ igi púpọ̀ náà nìyẹn. Ní Àríwá ilẹ̀ wa, ẹgbẹ́ atmosfair ti Jámánì àti ẹgbẹ́ DARE ti Kàdúná ti fi irú owó yìí dín iye owó àdògán kan tí ń jẹ́ Save80 kù fún àwọn ìyá. Èyí dára fún ojú àti àyà ìyá tí ń dáná. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì California ní Berkeley yẹ irú iṣẹ́ àdògán bẹ́ẹ̀ wò káàkiri ayé, wọ́n sì sọ ní 2024 pé èéfín tí a tà jẹ́ bí ìlọ́po 9 èyí tí a dín kù ní tòótọ́. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé ìyá lè gba àdògán tuntun, kí ó sì tún máa dáná lórí ààrò àtijọ́. Ibi tí a ti ń wọn epo tàbí iná tí ìdáná ń jẹ ní ti gidi ni ìṣírò ti sún mọ́ òótọ́ jù lọ.

Ẹ̀kẹta: ṣé a kò ní tún un tà? Tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà nínú ìwé àkọsílẹ̀ irú èyí tí Gold Standard tàbí Verra ń tọ́jú, kí wọ́n sì pa nọ́ńbà náà rẹ́ lórúkọ ẹni tí ó rà á. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà, ẹ má ṣe sanwó. Bí ẹ sì rí i, ẹ rántí pé ìwé nìkan kì í sọ ilẹ̀ di tẹni. Ìbéèrè yòókù ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: yóò ti pẹ́ tó? Èéfín òní ti gòkè lónìí, ṣùgbọ́n igi tí a gbìn lánàá yóò lo ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fa ìwọ̀nba mu. Bí iná bá jó o tàbí tí agégi bá gé e, èéfín náà yóò padà sókè.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ dín gbèsè kù kí ẹ tó máa wá ẹni tí yóò bá yín san án. Bí ìrìn-àjò méjì bá lè di ọ̀kan, ẹ so wọ́n pọ̀. Ẹ jókòó sí àyè gbogbo èrò, nítorí àyè ọlọ́lá gbòòrò, ìpín èéfín rẹ̀ sì pọ̀ jù. Lẹ́yìn èyí, bí ọwọ́ bá tó o, ẹ fi owó ran iṣẹ́ tí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì kà á sí ìrànlọ́wọ́. Ẹ má ṣe kà á sí ìwẹ̀nùmọ́, nítorí kò sí rìsíìtì tí ń fa èéfín tí ó ti jáde padà.

Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ó dìgbà o.